Owó Tó Ń Lọ Sórí Mímú Ilé Tutù àti Mímú Un Móoru: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, kò sí ohun tó ń fa owó iná bí ẹ̀rọ tó ń mú ilé tutù tàbí èyí tó ń mú un móoru. Tẹlifíṣọ̀n, gílóòbù àti fóònù tí a ń sáájì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹni tó ń gbé níbi tí òtútù kì í ti í mú lè fo àwọn ìbéèrè tó dá lórí hítà. Ẹni tí ooru kì í yọ lẹ́nu lè fo ti amúlétutù. Èyí àkọ́kọ́ ni kí ẹ má fò.

Kí ló ń fa owó yìí gan-an?

Ooru kì í dúró sójú kan. Ibi tó gbóná ló ti ń wá, ibi tó tutù ló ń lọ. Lásìkò ooru, ó ń wọlé. Lásìkò òtútù, ó ń jáde. Amúlétutù kò ní òtútù kankan nínú tó fẹ́ fún yín. Ooru tó wà nínú yàrá ló ń kó síta, bí ooru mìíràn bá sì ṣe ń wọlé ló ṣe ń tún un kó. Owó iṣẹ́ àṣetúnṣe yẹn lẹ ń san.

Ohun méjì ló ń pinnu bí ooru ṣe ń yára wọlé tàbí jáde tó. Èkíní ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìta àti inú ilé. Bí ìta bá jẹ́ 34°C, ẹni tó fẹ́ kí yàrá rẹ̀ jẹ́ 18°C ń bá ìyàtọ̀ ìwọ̀n 16 jà. Ẹni tó fara mọ́ 26°C ń bá 8 péré jà. Èkejì ni bí ara ilé náà ṣe rí: ògiri, òrùlé, fèrèsé, àti gbogbo ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dójú lé. Wọ́n á pa èyí tí wọ́n ní tì, wọ́n á ra òmíràn tó tóbi jù ú lọ, ihò abẹ́ ilẹ̀kùn á sì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Lójú tèmi, ẹ̀rọ ló yẹ kó kẹ́yìn.

Owó díẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ dí ihò, ẹ bo fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé, ẹ fọ fílítà amúlétutù, kí ẹ sì yí iye tó wà lórí rìmóòtù. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò gba owó gidi, ẹ ò sì ní pe oníṣẹ́ kankan sí i. Lẹ́yìn wọn ló kan àjà àti òrùlé. Ìgbà tí gbogbo èyí bá parí ni kí ẹ tó máa ronú ẹ̀rọ tuntun, torí ilé tí ooru kò ráyè wọ̀ bẹ́ẹ̀ lè má nílò ẹ̀rọ ńlá mọ́.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà?

Ọjọ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́ ni kí ẹ ṣe é. Ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ pa fáànù, kí ẹ wá tan igi tùràrí kan. Ẹ mú un rìn díẹ̀díẹ̀ yí etí fèrèsé ká, ẹ gbé e sún mọ́ abẹ́ ilẹ̀kùn, ẹnu ihò tí wáyà iná gbà wọlé, àti ibi tí páìpù amúlétutù ti la ògiri kọjá. Níbi tí kò bá sí ihò, èéfín á máa gòkè tààrà. Níbi tí ihò bá wà, á ṣàdédé ṣẹ́, á tẹ̀ wá sínú yàrá tàbí kí ó fà mọ́ ara ògiri kó sì gba ihò náà lọ. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀ kí ẹ tẹ̀ síwájú. (Ẹ jìnnà sí kọ́tìnì o, iná lẹ mú dání.)

Ọ̀nà kejì, alẹ́ ni wọ́n ń ṣe é: kí ẹnì kan dúró síta, kí ẹlòmíràn wà nínú ilé kó máa tan tọ́ọ̀ṣì sí etí ilẹ̀kùn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, afẹ́fẹ́ náà ń gba ibẹ̀.

Fóòmù tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ etí ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó ń ṣí. Sílíkóònù ni wọ́n fi ń dí àlàfo ojú kan, irú èyí tó wà láàárín férémù àti ògiri. Fún abẹ́ ilẹ̀kùn, aṣọ tí ẹ ká jọ náà tó. Ihò tó yí páìpù amúlétutù ká ni àwọn tó ń gbé e kọ́ sábà máa ń gbàgbé, ó sì lè gba ìka méjì; ẹ wò ó dáadáa.

Èyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dí ni ihò afẹ́fẹ́ tí wọ́n dìídì fi sílẹ̀ nítorí ẹ̀rọ tó ń jó gáàsì, epo tàbí igi.

Ṣé kọ́tìnì ń ṣe nǹkan kan?

Ó ń ṣe é, ṣùgbọ́n ìta ni ìbòjì ti wúlò jù. Oòrùn tó bá ti kọjá gíláàsì ti wọlé nìyẹn. Kọ́tìnì lè dá díẹ̀ padà, ìyókù á di ooru láàárín òun àti gíláàsì, á sì tú sínú yàrá. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára sọ pé nǹkan bí ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún oòrùn tó bọ́ sára fèrèsé onígíláàsì méjì lásán ló ń wọlé di ooru. Ohun tó bá dá oòrùn dúró kó tó kan gíláàsì ló dára jù: ìborí tó yọ síta lókè fèrèsé, pátákó ìbòjú, àwọ̀n ìbòjì, igi eléwé púpọ̀.

Fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó. Oòrùn ọ̀sán gangan, òkè ló ti ń bọ̀, ìborí kékeré lè ká a lọ́wọ́ kò. Ti ìrọ̀lẹ́ ń gba abẹ́ ìborí wọlé gbọọrọ, ìgbà tí ilé ti ń gbóná bọ̀ láti àárọ̀ ló sì ń dé. Ẹ lọ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri ìhà ibẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ tí oòrùn mú. Ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, amúlétutù sì ń bá ooru tó gbà lọ́sàn-án jà lóru.

Lásìkò òtútù, òdì kejì ni. Ẹ ṣí kọ́tìnì fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀ lọ́sàn-án, kí ẹ sì fà á pa kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí tó nípọn tó sì balẹ̀ ló dára, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ bo radiator (irin tí omi gbígbóná ń gba inú rẹ̀ kọjá láti mú yàrá móoru) tó wà lábẹ́ fèrèsé mọ́lẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gíláàsì lẹ ń náwó mú móoru.

Òrùlé ńkọ́?

Níbi tí oòrùn ti ń pa, òkè ni ìyà ti ń bọ̀. Òrùlé dúdú lè gbóná tó 66°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sàn-án. Èyí tí wọ́n fi ọ̀dà tó ń dá ìtànṣán padà kùn lè fi ohun tó lé ní ìwọ̀n 28 tutù jù ú lọ lábẹ́ oòrùn kan náà. Ọ̀dà náà kì í jẹ iná. Eruku àti ẹ̀hù ló máa ń dín agbára rẹ̀ kù, nítorí náà ẹ máa fọ òrùlé náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Lábẹ́ òrùlé ni àjà wà. Fóòmù tàbí òwú gíláàsì tó nípọn, tí wọ́n tẹ́ sórí àjà láìfi àlàfo sílẹ̀, ń dí ooru lọ́nà méjèèjì: kì í jẹ́ kí ti ìta wọlé, kì í sì í jẹ́ kí ti inú ilé sá lọ. Bébà fàdákà náà wúlò nílẹ̀ olóoru, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní àlàfo afẹ́fẹ́ níwájú rẹ̀. Tí ẹ bá fi í há àárín nǹkan méjì tó lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, owó yín ti ṣòfò.

Tí mo bá gbé amúlétutù sí 16, ṣé kò ní yára tutù?

Kò ní yára. Ìyára kan ṣoṣo ni amúlétutù lásán ní. Ẹ tẹ 16 o, ẹ tẹ 25 o, bákan náà ló ń ṣiṣẹ́ títí á fi dé ibẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tó bá dé 25, kọ̀mpírẹ́sọ̀, apá rẹ̀ tó ń jẹ iná jù, á sinmi. Èyí tí ẹ gbé sí 16 lè má sinmi rárá títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹni tó wá gbé e sí 16 tó tún fi bùláńkẹ́ẹ̀tì borí, mi ò mọ ohun tí mo lè bá onítọ̀hún sọ.

Iye wo ló wá yẹ kí n gbé e sí?

Kò sí iye tó bá gbogbo ara mu. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 26°C, kí ẹ tan fáànù mọ́ ọn. Tó bá ṣì ń gbóná lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ fi ìwọ̀n kan dín in.

Fún àsìkò òtútù, ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gbé jáde lọ́dún 2018 sọ pé 18°C ló yẹ kó kéré jù nínú ilé kí ìlera gbogbogbòò má bàa bà jẹ́. Arúgbó, ọmọ ọwọ́ àti ẹni tí àìsàn pẹ́ lára rẹ̀ lè nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ kọ́ ni ẹ ti máa ṣọ́ owó ná.

Wọ́n ní ó sàn kí n fi í sílẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, torí ìgbà tí mo bá tún un tàn ló ń jẹ iná jù.

Ìgbàgbọ́ yìí gbilẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́. Tí ẹ bá pa amúlétutù nígbà tí ẹ jáde, yàrá á máa gbóná díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń gbóná tó ni ìyàtọ̀ òun àti ìta ń dín kù, ooru tó ń wọlé náà á sì máa dẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá dé, ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́ gan-an fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní tó ohun tí ì bá ti jẹ látàárọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni hítà. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan fojú bù ú pé ẹni tó bá fi nǹkan bí ìwọ̀n 4 sí 6 lórí òṣùwọ̀n Celsius yí i kúrò níbi tó sábà ń gbé e sí, fún wákàtí 8 lójúmọ́, lè fi tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún dín owó ọdún náà kù. Wákàtí tí a fi ń sùn àti èyí tí a fi wà níbi iṣẹ́ ti tó fún un.

Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ já síta fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ṣé fáànù lè rọ́pò amúlétutù?

Fáànù kì í mú yàrá tutù. Ara ènìyàn ló ń mú tutù, nítorí pé ó ń jẹ́ kí òógùn tètè gbẹ. Fáànù tó ń yí nínú yàrá tí kò sẹ́nì kankan ń jẹ iná lásán ni. Kódà, mọ́tò rẹ̀ ń fi ooru díẹ̀ kún un. Tí ẹ bá wà níbẹ̀ ni ó níye lórí. Fáànù àjà ń jẹ nǹkan bí wáàtì 50 sí 75, amúlétutù 1HP sì lè jẹ tó 900. Tí ẹ bá lo méjèèjì pọ̀, ẹ lè gbé amúlétutù sókè ní nǹkan bí ìwọ̀n 2 láìjẹ́ pé ara yín mọ̀ ọ́n.

Fáànù tún wúlò lóru. Tí ìta bá ti tutù ju inú ilé lọ, ẹ gbé fáànù kojú síta lójú fèrèsé kan kó máa lé afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde, kí ẹ sì ṣí fèrèsé tó wà ní òdì kejì. Kí oòrùn tó yọ, ẹ ti gbogbo rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan: tí ooru inú yàrá bá kọjá 40°C, ẹ má gbára lé fáànù nìkan. Afẹ́fẹ́ tó gbóná ju ara yín lọ ló ń fẹ́ sí yín lára. Ibi tó tutù ni kí ẹ wá lọ, pàápàá tí arúgbó bá wà nínú ilé.

Fífọ amúlétutù, ṣé ó pọn dandan?

Ó pọn dandan. Fílítà tó dí lè mú kí ẹ̀rọ fi ìdá 5 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ iná jù bó ṣe yẹ lọ. Ẹ ṣí iwájú rẹ̀, ẹ yọ fílítà náà, ẹ gbé e sókè síhà ìmọ́lẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ kò bá là á kọjá, afẹ́fẹ́ náà kò rọ́nà gbà. Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti da omi sí i, kí eruku lè bọ́ síwájú dípò kó wọnú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó dá a padà. Níbi tí eruku pọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì kò pọ̀ jù.

Apá amúlétutù tó wà níta náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Ẹ kó ewé kúrò lára rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi pátákó yí i ká nítorí olè tàbí nítorí ẹwà, ooru tó tú jáde ló sì ń tún fà wọlé, tí iṣẹ́ rẹ̀ á wá di méjì. Ẹ bò ó lókè kí òjìji lè wà, ẹ ṣí iwájú àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gáàsì: gáàsì inú amúlétutù kì í jó tán. Inú páìpù ló ń yí ká, iye tí wọ́n sì fi sí i níbẹ̀rẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀ títí ayé ẹ̀rọ náà. Oníṣẹ́ tó bá ń wá fi gáàsì kún un lọ́dọọdún láìwá ibi tó ti ń jò kò ṣe yín lóore.

Mo fẹ́ ra amúlétutù tuntun. Kí ni kí n wò?

Bó ṣe bá yàrá mu ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe bó ṣe tóbi. 1HP sábà máa ń jẹ́ 9,000 BTU (òṣùwọ̀n bí ooru tó lè kó jáde ṣe pọ̀ tó) ní wákàtí kan, 1.5HP jẹ́ 12,000, 2HP jẹ́ 18,000. Èyí tó tóbi ju yàrá lọ á yára tutù, á kú, á tún jí, kò sì ní pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́ láti fa ọ̀rinrin kúrò. Yàrá á tutù, ṣùgbọ́n ara á máa lẹ̀, ẹ ó sì tún dín iye orí rìmóòtù kù torí rẹ̀. Ọ̀rinrin kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: ẹ̀rọ tí Willis Carrier, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, yà sórí ìwé lọ́dún 1902 fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, New York, ọ̀rinrin tó ń ba bébà jẹ́ ni wọ́n fi wá a, kì í ṣe ìgbádùn ẹnikẹ́ni. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù díẹ̀ àmọ́ tí ọ̀rinrin pọ̀, ẹ gbìyànjú bọ́tìnì tó ní àmì ẹ̀kán omi lórí rìmóòtù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo bóyá inverter ni (irú amúlétutù tó lè yí ìyára rẹ̀ padà, kì í ṣe ti bátìrì). Kì í kú kó tún jí. Ńṣe ló ń dẹ ìyára rẹ̀ sílẹ̀ tí yàrá bá ti tutù. Ẹni tó ń lò ó fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́ á jèrè rẹ̀. Ẹni tó ń tàn án fún wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lè má rí owó tó fi lé e gbà padà.

Hítà olówó ńlá àti olówó kékeré, èwo ló ń jẹ iná jù?

Tí méjèèjì bá jẹ́ wáàtì 1,500, ooru kan náà ni wọ́n ń gbé jáde, iye iná kan náà ni wọ́n sì ń jẹ. Kò sí hítà oníná tó lè sọ wáàtì kan di méjì, ohun yòówù kí ìpolówó rẹ̀ wí. Ohun tó yàtọ̀ ni ibi tí ooru náà ń lọ. Èyí tó ń tàn pọ́n-ọ́n ń mú ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ móoru. Èyí tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ń mú gbogbo yàrá móoru. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ló jókòó sídìí tábìlì, ẹni yẹn ni kí ẹ mú móoru, kí ẹ fi yàrá sílẹ̀.

Heat pump nìkan ló yàtọ̀. Kì í dá ooru. Láti ìta ló ti ń gbé e wọlé, kódà nígbà tí ìta bá tutù. Fún yúnìtì iná kan tó jẹ, ó lè gbé nǹkan bí yúnìtì ooru mẹ́ta wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí ń dín kù bí òtútù ìta bá ṣe ń le sí i. Ẹ wo rìmóòtù amúlétutù yín: tí ẹ bá rí àmì oòrùn lórí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti ní ọ̀kan lára ògiri láìmọ̀. Ẹ lò ó dípò hítà.

Bọ́ílà àti radiator ni tiwa.

Tí òkè radiator bá tutù tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ ló há sínú rẹ̀. Ẹ pa bọ́ílà (ẹ̀rọ tó ń mú omi náà gbóná), ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ radiator tú ìdè kékeré tó wà lókè rẹ̀ títí omi á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ẹ má to àga tàbí aṣọ tútù sí i lára. Bọ́ílà condensing (irú èyí tó ń tún ooru inú èéfín rẹ̀ lò) ń ṣiṣẹ́ dára jù tí omi tó ń rán lọ sí radiator bá jẹ́ 60°C tàbí kó dín. Ọ̀pọ̀ ló wà ní 70 tàbí 80 látìgbà tí wọ́n ti gbé e kọ́. Tó bá jẹ́ pé òun náà ló ń mú omi inú táǹkì gbóná, omi táǹkì ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní 60°C nítorí kòkòrò Legionella tó ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà ẹ pe oníṣẹ́ kó bá yín yà wọ́n sọ́tọ̀.

Inú ilé àyágbé ni mo wà.

Fóòmù etí ilẹ̀kùn, kọ́tìnì tó nípọn, fáànù, fílítà mímọ́. Gbogbo rẹ̀ ṣeé kó lọ tàbí kí ẹ yọ ọ́ láìba ògiri jẹ́. Ọ̀rọ̀ òrùlé, ẹ bá onílé sọ ọ́.

Báwo ni mo ṣe máa mọ iye tí ẹ̀rọ kan ń jẹ?

Yúnìtì kan lórí mítà jẹ́ wáàtì 1,000 fún wákàtí kan. Ẹ fi wáàtì ẹ̀rọ lọ́nà iye wákàtí tó fi ṣiṣẹ́, kí ẹ pín in sí 1,000. Amúlétutù oníwáàtì 900 tí kò sinmi fún wákàtí 8 á jẹ 7.2. Fáànù oníwáàtì 60 fún wákàtí 8 kan náà kò ní pé ìdajì yúnìtì. Hítà oníwáàtì 1,500 fún wákàtí 4 á jẹ 6. Tí ẹ kò bá gba ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ gbọ́, ẹ pa gbogbo nǹkan mìíràn nínú ilé, ẹ ka mítà, ẹ tan ẹ̀rọ náà fún wákàtí kan, kí ẹ tún un kà.

Ṣé mo lè gbé èédú tó ń jó wọ yàrá lásìkò òtútù kí n má bàa tan hítà?

Rárá o. Èédú ń tú gáàsì olóró tó ń jẹ́ carbon monoxide jáde, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Bẹ́ẹ̀ náà ni jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sínú ilé tàbí sábẹ́ fèrèsé. Ilé tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dí gbogbo ihò rẹ̀ ni eléyìí tún léwu jù.

Àpótí kékeré kan wà tí wọ́n ń kì bọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ó ń dín owó iná kù. Ṣé kí n rà á?

Ẹ má rà á. Kapásítọ̀ àti gílóòbù kékeré tó ń tàn ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Wọ́n á ní ó ń tún power factor (bí iná tí ẹ̀rọ fà ṣe ń di iṣẹ́ tó) ṣe. Ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ ńláńlá nìyẹn, mítà ilé kì í gbowó lórí rẹ̀. Iye iná tí amúlétutù yín fi kó ooru jáde ni mítà ń kà, àpótí náà kò sì dá ooru kankan dúró. Ẹ fi owó náà ra fóòmù etí ilẹ̀kùn.